Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ ẹ̀ṣẹ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún méje

"Wọ́n ti pa mí o! Ẹ gbà mí o!" Ariwo yìí kì í ṣe tuntun létí ará Èkó, ará Ìbàdàn náà sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ìyá oníṣòwò tí ọmọ ìta já owó gbà lọ́wọ́ ẹ̀ l'Óṣòdì á pariwo ẹ̀, kọ̀ńdọ́ tí dẹ́rẹ́bà rẹ́ jẹ á pariwo ẹ̀, kódà ẹni tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń gbóná, òun náà á ní wọ́n ti pa òun. Kò sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ sáré lọ ra pósí. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹni tó bá ń fẹnu ara ẹ̀ sọ pé wọ́n ti pa òun, kò tí ì kú.

Àmọ́ bí ariwo yìí bá fi lè wọ tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, tí wọ́n sọ ọ́ di òyìnbó, tí wọ́n fi báírò kọ ọ́ sórí ìwé, nǹkan ti yí padà nìyẹn. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹyin ti tẹ́ṣàn kì í fọ́ ní tiẹ̀ o, ṣe ló máa ń pa, ọmọ tó bá sì jáde níbẹ̀, kóòtù ló ń lọ tààrà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ Lágbájá àti Tàmẹ̀dù ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ lásán ni o, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Lágbájá ń wa dánfó, Tàmẹ̀dù ń gbowó ọkọ̀ fún un. Owó ọjọ́ kan ò pé, ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ẹ̀ṣẹ́, ni Lágbájá bá la ìgò mọ́ Tàmẹ̀dù lórí. Ẹ̀jẹ̀ bo ọmọkùnrin náà lójú. Nígbà tí wọ́n dé tẹ́ṣàn, ohun tí Tàmẹ̀dù rí sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ọ̀gá, ó fẹ́ pa mí ni."

Ọlọ́pàá tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ òyìnbó bíi márùn-ún tó lè mú. Ó lè kọ assault. Ó lè kọ wounding. Ó lè kọ assault occasioning harm. Ó lè kọ grievous harm. Bí inú bá sì ń bí i, tàbí bí ẹnì kan bá ti bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ó lè kọ attempted murder. Ìgò kan náà ni, orí kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ló yàtọ̀.

Ìwé òfin tí wọ́n ń pè ní Criminal Code, èyí táwọn òyìnbó amúnisìn nà dé gbogbo Nàìjíríà lọ́dún 1916, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń lò, ti to àwọn ọ̀rọ̀ yìí bí àtẹ̀gùn. Assault lásán, ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Bí assault ọ̀hún bá ṣe èèyàn léṣe, ọdún mẹ́ta. Wounding, ọdún mẹ́ta náà ni. Grievous harm, ọdún méje. Attempted murder, ẹ̀wọ̀n gbére, ká má purọ́. Èkó ti ṣe ìwé òfin tiẹ̀ láti 2011, àwọn ìpínlẹ̀ kan náà sì ti tún tiwọn ṣe, nítorí náà iye ọdún lè yàtọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wúwo sí ni ẹ̀wọ̀n ṣe ń gùn sí níbi gbogbo.

Nínú gbogbo wọn, assault ni wọ́n máa ń ṣì lò jù. Ará ìlú rò pé ó dìgbà tí wọ́n bá luni kó tó jẹ́ assault. Irọ́ ni. Kéèyàn ju ẹ̀ṣẹ́ sí ẹlòmíràn, tó sì sún mọ́ ọn débi tí ọwọ́ lè bà á, assault ti wáyé, bí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀hún ò tilẹ̀ balẹ̀. Àmọ́ ẹni tó dúró ní òdìkejì títì tó ń bú bàbá bú ìyá, tó ń ṣépè bí ẹni ń kéwì, òun ò tí ì ṣe assault, bó ti wù kó dunni tó, torí ẹnu nìkan kò tó. "Verbal assault" táwọn òṣèré máa ń fi kan ara wọn nínú ìwé ìròyìn, kí wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́ kí wọ́n wò ó bóyá ó mọ ibi tó máa kọ ọ́ sí.

Wound tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Lójú òfin, awọ ara gbọ́dọ̀ là tàbí kó lu. Ẹni tí wọ́n lù lálùbami, tójú ẹ̀ wú bíi búrẹ́dì Àgége, tí ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, bí awọ ò bá ti là, kò sí wound níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún nìka, tí ẹ̀jẹ̀ sì kán tó ẹ̀kán méjì, wound wà ní tiẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí òyìnbó tó kọ òfin yẹn ní ìdí tó fi rò ó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kó wá ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá ọmọ tójú ẹ̀ wú.

Èyí tó gbé ọdún méje dání gan-an ni grievous harm. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n sí GBH, láti inú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1861, bí wọ́n bá sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá ibẹ̀, ara wọn á balẹ̀ wọ̀ọ̀, lọ́yà ni wọ́n á kọ́kọ́ wá. Nílé níbí, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń pè é. Wọ́n gbá ẹnì kan létí níbi ìnáwó, ó ti délé ó ń sọ fáyà ọ̀hún pé grievous ni wọ́n ṣe òun. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin ń wò ni ẹ̀yà ara tó bàjẹ́ pátápátá tàbí tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ìpalára tó lè gbẹ̀mí ẹni, ìlera tó bàjẹ́ gidi, tàbí àpá tó ba ẹwà èèyàn jẹ́ títí ayé. Ojú tó fọ́, etí tó di, ọwọ́ tó rọ, ásíìdì tí wọ́n dà sójú ọmọge. Èyí ni grievous. Bí wọ́n bá sì rí i pé ẹni tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ pinnu láti ṣe é bẹ́ẹ̀, ọdún méje gan-an kéré, ẹ̀wọ̀n gbére ló wà níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé èdè Yorùbá ni kò ní ọ̀rọ̀ tó tó, pé "ó ṣe é léṣe" nìkan la ní. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tí ì jókòó ti àwọn àgbà. Ó fara pa, ó fara gbọgbẹ́, wọ́n lù ú lálùbolẹ̀, wọ́n ṣe é báṣubàṣu, wọ́n sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara, wọ́n lù ú bí ẹni máa kú: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìwọ̀n tiẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń bi Tàmẹ̀dù léèrè. Bó bá ti ní "ó fẹ́ pa mí", báírò ti ń sáré nìyẹn.

Ibi tí báírò yẹn máa ń sáré dé kò dáa. Ẹni tí wọ́n kọ assault sí lórí, májísíréètì lè gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀, ó sì lè gba béèlì lọ́jọ́ náà bó bá rí oníдúró. Bó bá jẹ́ murder ni wọ́n kọ, májísíréètì kò lágbára láti gbọ́ ọ, kò sì lágbára láti gba béèlì ẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ò ju pé kí wọ́n lọ fi ọkùnrin náà pamọ́ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n títí ìmọ̀ràn yóò fi wá láti ọ́fíìsì DPP. Ìmọ̀ràn ọ̀hún lè pẹ́ o. Fáìlì á wà níbì kan, ọmọlúàbí á wà lẹ́wọ̀n. Ju ìdajì àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lọ ni kóòtù kò tí ì dá lẹ́bi ohunkóhun, wọ́n ṣì ń retí ìdájọ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo wọn ló jalè tàbí tí wọ́n pààyàn. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe pe ìjà wọn lórúkọ ló gbé wọn débẹ̀.

Ọ̀nà kejì náà wà tí wọ́n fi ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ìyẹn ni kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kékeré bo ìpalára ńlá. "Two fighting" ni tiwọn ní tẹ́ṣàn. Ọkùnrin kan lu ìyàwó ẹ̀ títí eyín fi yọ, obìnrin náà fi èékánná ha á lọ́rùn níbi tó ti ń gbara ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n délẹ̀, ọlọ́pàá wo eyín, ó wo èékánná, ó ní two fighting ni, kí àwọn méjèèjì wọlé sẹ́yìn káńtà. Ẹni tí wọ́n lù àti ẹni tó luni ti di ẹgbẹ́ kan náà. Tàbí kí wọ́n ní ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ni, kí wọ́n lọ yanjú ẹ̀ nílé. Ilé tí wọ́n ti yọ eyín ẹ̀ ni wọ́n ní kó padà sí! Òfin VAPP tí wọ́n ṣe ní 2015 torí irú nǹkan báyìí kò dá ìpalára tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá sí nítorí pé ọkọ ló ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá kọ two fighting sí lórí, òfin ọ̀hún kò ní í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ikú. Ká ní Tàmẹ̀dù kú. Gbogbo àdúgbò á ní Lágbájá ti ṣe murder. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ manslaughter. Murder, ikú ni ìdájọ́ ẹ̀. Manslaughter, ẹ̀wọ̀n gbére ló ga jù níbẹ̀, adájọ́ sì lè fún un ní ọdún díẹ̀. Bí Tàmẹ̀dù bá ṣe ohun tó mú orí Lágbájá gbóná lójijì, tí Lágbájá sì ṣe ohun tó ṣe kí ara ẹ̀ tó balẹ̀, òfin lè wò ó sí manslaughter. Bó bá lọ sílé, tó jẹun, tó sùn, tó wá padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìgò, ibínú kọ́ nìyẹn mọ́.

Ibi tó ti ń kó àwọn èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́ rèé. Ẹni tí wọ́n mú á fẹ́ gba ara ẹ̀ sílẹ̀, á ní: "Ọ̀gá, mi ò fẹ́ pa á o, mo kàn fẹ́ dá a lẹ́sẹ̀ ni kó lè mọ̀ pé èmi náà lọ́kùnrin." Ó rò pé òun ti bọ́. Ṣé ẹ rántí grievous harm? Ìwé òfin sọ pé ẹni tó pinnu láti ṣe ẹlòmíràn ní grievous harm, tónítọ̀hún bá kú síbẹ̀, murder ni. Kò dìgbà tó bá fẹ́ kó kú. Gbólóhùn tó rò pé ó máa gbà á sílẹ̀ ló fi okùn sọ́rùn ara ẹ̀, ó sì tún tẹ̀ka sábẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ̀ ẹ́ wà ní Ìlọrin àti Ọ̀fà á ti máa rẹ́rìn-ín, torí òfin tiyín yàtọ̀. Penal Code ti Àríwá ni Kwara ń lò, kò sì sí murder níbẹ̀ rárá, culpable homicide ni wọ́n ń pè é, ọ̀kan tó gba ikú àti ọ̀kan tí kò gbà á. Kò sí grievous harm níbẹ̀ náà, grievous hurt ni, wọ́n sì ka ohun tó jẹ́ grievous síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Eyín tó kán wà nínú ẹ̀! Láti Ìkìrun sí Ọ̀fà, ìrìn ọkọ̀ kúkúrú ni, Yorùbá ló ń gbé ìlú méjèèjì, àmọ́ orúkọ tí eyín kan ń jẹ́ lẹ́yìn ìjà ti yí padà kí ọkọ̀ tó dé ọjà.

Ohun tí Tàmẹ̀dù àti Lágbájá kò mọ̀ ni pé òfin kò ní kí wọ́n fọwọ́ sí òyìnbó tí kò yé wọn. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ ọ́ kedere pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn, èdè tó yé e ni kí wọ́n fi sọ ẹ̀sùn náà fún un, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní kóòtù bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó jáde ní 2015, fi kún un pé bí afurasí kò bá gbọ́ òyìnbó, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ kà á fún un kó yé e kó tó fọwọ́ sí i. Lọ́yà tó bá mọṣẹ́ á tún béèrè ìwé dókítà, torí dókítà kì í kọ "ó fẹ́ pa á", ibi tí ọgbẹ́ wà, bó ṣe gùn tó àti bó ṣe jìn tó ni dókítà máa ń kọ. Ìwé yẹn ti gba ọ̀pọ̀ Lágbájá lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n gbére, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ Tàmẹ̀dù lọ́wọ́ two fighting.

Kí wọ́n má rò pé ọlọ́pàá nìkan ló jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí o. Àwọn oníròyìn náà ní tiwọn. Ọkọ̀ dànù ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹni tó ń ka ìròyìn bá òyìnbó pàdé pé casualties mẹ́wàá, ó ní èèyàn mẹ́wàá ló kú. Ẹkún sọ nínú ilé. Bẹ́ẹ̀, casualty kì í ṣe òkú nìkan, ẹni tó fara pa wà nínú ẹ̀. Ọsibítù wo ni kò ní ibi tí wọ́n ń pè ní Casualty? Ṣé òkú ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀ ni? Fatality ni ti òkú. Ó lè jẹ́ pé nínú mẹ́wàá yẹn, mẹ́sàn-án ń mu omi lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí wọ́n ń sunkún wọn nílé.

Àwọn aláṣẹ ní tiwọn mọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún dáadáa, wọ́n mọ̀ ọ́n débi tí wọ́n fi ń sá fún un. Bí ọlọ́pàá bá yìnbọn pa ọmọ ọlọ́mọ, accidental discharge ni, ìbọn ló ṣèèṣì, bí ẹni pé ìbọn ló dìde fúnra ẹ̀. Bí sójà bá pa àwọn tí wọ́n ní apániláyà ni wọ́n, neutralise ni wọ́n máa ń kọ, ọ̀rọ̀ tó mọ́ tónítóní bí ẹni fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023, drone àwọn sójà ju bọ́ǹbù sáàárín àwọn tó ń ṣe Máólúdì ní Tudun Biri ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ó ju 80 èèyàn lọ tó kú. Wọ́n ní àṣìṣe ni. Ká ní ibẹ̀ kì í ṣe abúlé tí wọ́n mọ̀ wọ́n dáadáa, ọ̀rọ̀ wo ni wọn ì bá kọ?

Ilẹ̀ òkèèrè náà kò mọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ genocide, ìyẹn kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ run ẹ̀yà kan tàbí ẹlẹ́sìn kan tán, ọkùnrin amòfin kan tó ń jẹ́ Raphael Lemkin ló ṣẹ̀dá ẹ̀ ní 1944, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé sì ṣe àdéhùn lé e lórí ní 1948 pé àwọn á máa dènà ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń pa Tutsi nípakúpa ní Rwanda ní 1994, tí nǹkan bí 800,000 èèyàn kú láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn agbẹnusọ ìjọba Amẹ́ríkà ń yí ẹnu sọ́tùn-ún sósì níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n ní "acts of genocide" ló ń ṣẹlẹ̀, wọn ò fẹ́ kí genocide dá dúró lẹ́nu wọn. Ìdí ni pé ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n á bi í pé kí ló wá fẹ́ ṣe sí i. Nílé níbí ńkọ́, wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin lójú títì, ọ̀gbẹ́ni kan ti ń pariwo genocide lórí rédíò.

Massacre ló wá di ìjà láàárín ìjọba àtàwọn èèyàn l'Ékòó. Alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2020, àwọn sójà yìnbọn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ EndSARS jókòó sí ní Lẹ́kkí. Mínísítà ìròyìn nígbà náà, Lai Mohammed, ní massacre tí kò ní òkú ni. Ní oṣù Kọkànlá 2021, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀, tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi jẹ́ alága ẹ̀, kọ ọ́ sínú àbọ̀ ìwádìí wọn pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣeé fi wé massacre bí wọ́n ṣe wò ó. Kí oṣù náà tó parí, White Paper ìjọba jáde, wọ́n ní ohun tí ìgbìmọ̀ sọ nípa àwọn tó kú kò bá ẹ̀rí mu. Gbogbo ìlú wá gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo, massacre ni àbí massacre kọ́. Orúkọ 48 ló wà nínú àkójọ tí ìgbìmọ̀ náà ṣe, àwọn tí wọ́n ní ó kú àti àwọn tó yè é pẹ̀lú ọgbẹ́ ìbọn wà nínú ẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn yẹn kò ka orúkọ kan níbẹ̀.